Kí ẹja tó kan iná: owó oúnjẹ ní Ítálì

Bí ẹ bá rí "8" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja nínú mẹ́nù ní Róòmù tàbí Venice, ẹ má tíì yọ̀ pé ó pọ́ọ́kú. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ l'etto sẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Etto kan, 100 gíráàmù ni. Ẹja tó bá wọn kílò kan àti 200 gíráàmù, etto 12 ni. Yúrò 96 nìyẹn, fún ẹja kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ "S.Q." ni wọ́n kọ dípò iye, ìwọ̀n rẹ̀ ló máa sọ ohun tí ẹ óò san.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Agbáwo á gbé ẹja tútù wá nínú àwo, á bèèrè pé èyí ńkọ́, àlejò á mi orí. Ẹ má mi orí o! Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n lójú yín, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ti jinná, omi ara rẹ̀ ti gbẹ, kò sí ìwọ̀n tó lè gbè yín mọ́.

Ti coperto yàtọ̀. Owó ìjókòó ni, bíi yúrò kan ààbọ̀ sí mẹ́ta lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti wà nínú mẹ́nù, ẹ san án, ẹ má bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Lazio, níbi tí Róòmù wà, fòfin dè é ní 2006, làwọn kan bá sọ ọ́ di owó búrẹ́dì. Búrẹ́dì yẹn, ẹ lè dá a padà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá rí servizio, ìyẹn owó iṣẹ́ agbáwo, nínú bíìlì, ẹ ò jẹ agbáwo ní nǹkan kan mọ́.

Bí bíìlì bá wá le jù, ẹ má dìde lọ láìsanwó. Ẹ̀yin lọlọ́pàá máa mú. Ẹ bèèrè conto dettagliato, ìyẹn bíìlì tó to iye oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé fọ́tò mẹ́nù tí ẹ ti yà sílẹ̀, oúnjẹ kan lẹ́yìn òmíràn. Omi tí ẹ ò bèèrè ló sábà máa ń yọjú. Bí wọn ò bá gbà, ẹ ní kí wọ́n pe Polizia Locale, ọlọ́pàá ìlú. 117 ni nọ́ńbà Guardia di Finanza, àwọn tó ń ṣọ́ owó orí. Rìsíìtì tí wọ́n kọ "non fiscale" sí kì í ṣe rìsíìtì. Èyí tó ní "documento commerciale" ni kí ẹ gbà.

Ẹ sì lè fẹjọ́ sùn lẹ́yìn tí ẹ ti kúrò níbẹ̀. Ní 2018, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin láti Japan san owó tó lé ní yúrò 1,100 ní Venice fún àwo ẹran màlúù mẹ́rin, àwo ẹja díndín kan àti omi. Ìgbà tí wọ́n padà dé Bologna, ìlú tí wọ́n ti ń kàwé ní Ítálì, ni wọ́n tó lọ bá ọlọ́pàá, síbẹ̀ wọ́n bu owó ìtanràn lé ilé oúnjẹ náà.

Bí ẹ̀rọ POS bá bèèrè bóyá owó ìlú yín lẹ fẹ́ fi san, yúrò ni kí ẹ tẹ̀.