Kẹ̀kẹ́ Tí Wọn Kò Gùn: Ohun Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí Mo Ń Sọ Ìrántí Ìyá Mi Di Ìtàn Ìfẹ́

Ó tó ọdún méjì tí mo fi ń bi ìyá mi ní ìbéèrè kan náà. "Màmá, báwo lẹ̀yin àti Bàámi ṣe pàdé?" Èsì kan náà ni wọ́n sì ń fún mi: "Àwọn ẹbí wọn wá tọrọ mi, bàbá mi gbà, mo bá lọ." Ó parí. Èmi tí mo fẹ́ kọ odidi ìwé lórí ìfẹ́ tó wáyé n'Ìbàdàn láyé ọjọ́un, kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Aṣọ ló yọ mí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, à ń sá àwọn aṣọ inú àpótí wọn sóòrùn nítorí kòkòrò, ni mo bá fa adìrẹ ẹlẹ́kọ kan yọ nísàlẹ̀ pátápátá. Mo ní kí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn ń gba ọmọ lọ́wọ́ àjèjì. "Ìbàdàndùn nìyí. Ìyá mi ló yà á." Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n ń fi ìka tọ àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó tó wà lára rẹ̀, pẹ̀lú síbí láàárín òpó sí òpó. Ibẹ̀ ni ẹnu wọn ti là.

Ẹ̀kọ láfún ni ìyá àgbà máa ń fi ìyẹ́ adìẹ yà sára aṣọ, wọn a sá a kó gbẹ kó tó wọ inú aró, kí ibi tí ẹ̀kọ wà má baà mu aró. Iṣẹ́ ìyá mi ni kí wọ́n jókòó ti aṣọ, kí wọ́n máa lé ewúrẹ́, torí ewúrẹ́ a máa lá ẹ̀kọ náà bí ẹni ń lá ọbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oorun gbé wọn lọ. Ariwo ló jí wọn: ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú títì, ó ń lé òbúkọ tó fi ìwo kọ́ aṣọ sá lọ.

Mo pàtẹ́wọ́. "Bàámi nìyẹn!"

Wọ́n ká aṣọ náà. "Bàbá rẹ ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn."

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ irú ìtàn báyìí, ẹ má bi àwọn òbí yín nípa ìfẹ́. Wọn ò ní dá yín lóhùn, tàbí kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n ń sọ fún gbogbo èèyàn. Ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn ni kí ẹ gbé síwájú wọn. Ẹ bi wọ́n nípa bàtà, irun, àwo oúnjẹ, iye tí wọ́n ra nǹkan. Ìfẹ́ á yọjú fúnra rẹ̀, ó sì lè má jẹ́ èyí tí ẹ ń wá.

Díẹ̀ díẹ̀ ni mo gbọ́ ìyókù. Bí wọ́n bá rán ìyá mi lọ ra aṣọ funfun ní Gbági, ọmọkùnrin náà á ti dúró lọ́nà. Á bá wọn gbé ẹrù sórí àga ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, á wá máa ti kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ títí dé ìtòsí ilé. Kò gùn ún rí lójú wọn. Mo ní kí ló dé tí kò gbé wọn sẹ́yìn? Wọ́n wò mí bí ọmọ tí kò gbọ́n. "Tó bá gbé mi sẹ́yìn, ṣé a ò ti ní tètè délé?"

Mo ti kọ orí mẹ́ta nígbà náà, ọkùnrin inú rẹ̀ sì ń sọ "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" lójú ewé kan sí èkejì. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo tún ti fẹ́ kó fi àrokò owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà, torí mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ayé àwọn ìyá ìyá wọn nìyẹn. Lẹ́tà ni tiwọn, nínú páànù mílíìkì òfìfo. Àwa tí a ń kọ̀tàn àtijọ́ fẹ́ràn ká máa sọ gbogbo àtijọ́ di ọjọ́ kan ṣoṣo, ìlẹ̀kẹ̀, owó ẹyọ, ìlù àyàn, gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ọdún 1964 ni ọ̀rọ̀ yìí o, tẹlifíṣọ̀n ti wà n'Ìbàdàn láti 1959, wọ́n sì ti ń kọ́ Ilé Kòkó lọ́wọ́ ní Dùgbẹ̀.

Ẹ má sì gba ìrántí gbọ́ délẹ̀délẹ̀. Ìyá mi búra pé náírà méjì ni ọmọkùnrin náà fi ra ìborùn fún wọn. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà dé. Owó pọ́n-ùn la ń ná tẹ́lẹ̀: ṣílè, sísì, tọ́rọ́. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ronú, wọ́n ní, "Àmọ́ kọ́bọ̀ wà," wọ́n sì jàre, torí orúkọ tí a ń pe pẹ́nì nìyẹn kí náírà tó dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀: apá òsì ni wọ́n ń gbà títí di oṣù kẹrin 1972, nítorí náà ọ̀dọ́mọkùnrin mi kò lè máa ti kẹ̀kẹ́ lọ lápá ọ̀tún. Aṣọ gan-an ń sọ ọdún. 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Màpó. Ẹni tó bá ró Ìbàdàndùn fún ìyàwó ọdún 1910 ti tàn wá jẹ. Àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tó wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ràn mí lọ́wọ́. Ìpolówó ọjà ni mo ń kà jù, ju ìròyìn ojú ewé kìíní lọ.

Wẹ́tìẹ̀ nìkan ló fẹ́ gba ìwé náà mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìbò oṣù kẹwàá 1965, wọ́n ń da epo pẹtiróòlù sí ilé àti èèyàn lára, wọ́n ń sọ iná sí i. Mo kọ ojú ewé mọ́kànlá lórí ẹgbẹ́ òṣèlú àti ìjà wọn. Ìyá mi ò rántí ìkankan nínú ìyẹn. Ohun tí wọ́n rántí ni pé ìyá wọn kó gbogbo aṣọ wọlé, tí ilé ń rùn fún aró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń fetí sílẹ̀ bóyá wọ́n á gbọ́ kẹ̀kẹ́. Ojú ewé kan ṣoṣo ni mo fi ṣe é nígbẹ̀yìn.

Ibi tí mo ti ṣìṣe gan-an rèé. Mo ka ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé náà sí àwọn ẹbí létí níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí. N kò yí nǹkan kan padà, àfi orúkọ. Kí n tó dé ìdajì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ti ń ṣẹ́jú sí wọn, wọ́n ti mọ ẹni tí mo ń sọ. Ọkùnrin náà ṣì wà láàyè nínú ìlú yìí, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ìyá mi dìde, wọ́n lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ọbẹ̀ wọn ṣì ń dé ọ̀dọ̀ mi, ọwọ́ àbúrò mi ni wọ́n ń fi í rán.

Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. A wá jọ jókòó, mo bi wọ́n ní ohun tó yẹ kí n ti bi wọ́n níjọ́ kìíní: kí ni n kò gbọdọ̀ kọ? Iṣẹ́ rẹ̀ ni, agbo ilé rẹ̀ ni, àti ìdí tí wọn kò fi fẹ́ra. Èyí tó kẹ́yìn yìí, wọn ò sọ ọ́ fún èmi gan-an. Mo gbé agbo ilé náà lọ sí òdìkejì ìlú, mo sọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà di alágbàṣe tó ń ru bíríkì ní Ilé Kòkó. Ìdí ìpínyà ni mo ní láti hun fúnra mi. Mo kọ́kọ́ ní alárinà ló fi lẹ́tà pamọ́. Ìyá mi ní, "Ṣé o rò pé òmùgọ̀ ni wá ni? Ojoojúmọ́ la ń rí ara wa." Mo tún un hun nígbà mẹ́rin.

Lóṣù tó kọjá, mo ka orí tó kẹ́yìn fún wọn, àwa méjì péré, ìlẹ̀kùn títì. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ọmọbìnrin yìí, ṣé ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn?"

"Rárá, Màmá. Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n gùn."

"Nínú ìwé tìrẹ," wọ́n ní, "jẹ́ kó gùn ún."