Gèlè Mẹ́rìnlá, Orí Kò Sí

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi gèlè bẹ̀rẹ̀, torí òun nìkan ló kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá mọ̀ pé ìwé ètò ni mò ń ṣe: ìgbéyàwó, òkú àgbà, ọjọ́ìbí. Ìwé ọgọ́rin ọdún Màmá yìí, ojú ewé 48, mo ti parí ẹ̀ kí oṣù Kejì tó tán. Àwòrán iwájú ìwé ló há mi lọ́fun. Àǹtí, àkọ́bí Màmá, ní gèlè orí Màmá ò bá aṣọ ẹbí mu. Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, Àǹtí ló ni gbogbo àwọ̀ tó ṣẹ́kù. Alaalẹ́ ni mò ń gé gèlè yẹn jáde lórí kọ̀ǹpútà, tí mò ń pa á láró, tí mò ń fi ránṣẹ́. "Ó ti dúdú jù." "Èyí jọ ẹ̀dọ̀ ẹran." Ó di mẹ́rìnlá.

Àbúrò mi, ẹ̀ńjíníà wa tẹ́ ẹ mọ̀, ti to backup, ìyẹn ẹ̀dà iṣẹ́ mi tí mo lè sá tọ̀ bí kọ̀ǹpútà bá kú, fún mi sórí hard disk kan. Ọjọ́ kìíní oṣù, full: yóò kó gbogbo ẹrù pátá. Alaalẹ́, incremental: kìkì ohun tó yí padà láti alẹ́ àná ni yóò mú. Ó ń ṣàlàyé, mò ń mi orí bí alángbá.

Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ó kọ̀wé sí mi: "Bọ̀dá mi, òní ni World Backup Day o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ disk yín wò."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀lẹ ì bá kúkú mú mi lọ́jọ́ náà! Disk ń ké pé àyè ò ní gba full ti ọ̀la. Mo rí folder ńlá kan, 170 GB, tó jókòó bíi lánlọ́ọ̀dù, àwọn kéékèèké yí i ká bí ayálégbé. Mo wo déètì ẹ̀: ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta. Ta ló ń jẹ àmàlà oṣù tó kọjá? Mo pa á rẹ́. Mo tún ń súfèé. Mo wá fi àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí àbúrò mi pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, laptop ṣe kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀dá mi. Full la máa kọ́kọ́ dá padà, ká tó to àwọn incremental lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Full wo?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. "Bọ̀dá mi, ẹ ju ìyá nù, ẹ wá pọn ọmọ."

Mo ṣe bí ẹni tó mọ̀wé, mo ní ṣebí wọ́n ní kan tún wà tó ń jẹ́ differential. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn máa ń kó gbogbo ohun tó yí padà láti ìgbà full, ó ń sanra lálaalẹ́, ṣùgbọ́n full àti èyí tó gbẹ̀yìn nìkan lèèyàn nílò. "Òun náà kò lè ṣe é láìsí full, Bọ̀dá mi." Ó ní ẹ̀dà mẹ́ta ló yẹ kéèyàn ní, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíì. Mo ka tèmi: disk ẹyọ kan, lábẹ́ tábìlì kan náà.

A tú àwọn ọmọ wò. Gèlè. Gèlè. Gèlè mẹ́rìnlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan nà ró bí Òkè Olúmọ, kò sí iwájú orí kankan lábẹ́ ẹ̀.

Mo pe Àǹtí. Mi ò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tó fi bú sẹ́rìn-ín: "April fool! Bọ̀dá oníkọ̀ǹpútà, ẹ ò dáa rárá!" Ó pa fóònù. Mo tún pè, ó ní òun ti rẹ́rìn-ín tó. Ta ló ní kí ọjọ́ backup àti ọjọ́ April fool fẹ̀gbẹ́ kanra?

Ọjọ́ kẹta ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá. Mo to gèlè mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sójú kọ̀ǹpútà tí mo yá, mo dọ̀bálẹ̀. Àǹtí ò wò mí. Ó na ìka sí ìkẹsàn-án, èyí tó jọ ẹ̀dọ̀ ẹran lọ́jọ́sí.

"Ẹ wò ó! Àwọ̀ tí mò ń wí nìyẹn! Kí ló dé tẹ́ ẹ fi í pa mọ́ látọjọ́ yìí?"

"Ẹ ṣé, mà," ni mo wí láti ilẹ̀. "Ó ku orí tá a máa gbé e lé."