Ẹ Béèrè Ìyá Ọmọ Ajá Kí Ẹ Tó Béèrè Iye Rẹ̀

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, bí ẹnìkan bá ti sọ pé òun ń wá ọmọ ajá tí yóò máa ṣọ́ ilé, iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bi í, lẹ́yìn náà ni wọn yóò béèrè bóyá ajá Jámánì (German Shepherd) ló fẹ́ tàbí Malinois, ajá olùṣọ́ ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Lójú tèmi, ìbéèrè méjèèjì ti yá jù. Ẹni tí kò tíì rò ó dáadáa pé irú ilé wo ni ajá náà ń bọ̀ wá gbé kò lè mọ ọwọ́ ẹni tó yẹ kí òun ti rà á, nítorí pé olùsìn ajá tó tẹ́ ẹni tó ni ilé ìkẹ́rù lọ́rùn lè má wúlò rárá fún ìyá ọlọ́mọ.

Agbo ilé ni a ń gbé. Àwọn ọmọdé ń sáré wọlé, wọ́n ń sáré jáde, àwọn ará àdúgbò kì í sì í kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé. Màmá mi jẹ́ Alhaja tí ìrun márààrún kì í yẹ̀ lórí rẹ̀, kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan ẹní ìkírun tàbí búùtà rẹ̀. Nítorí náà, àgbàlá ni ajá wa yóò máa gbé. Ó gbọ́dọ̀ lè fara da ooru, kí ó máa gbó bí àjèjì bá wọlé lóru, kò sì gbọdọ̀ fi eyín kan ọmọ ẹnikẹ́ni. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wúwo jù lọ́kàn mi. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti yọ Husky, ajá ilẹ̀ òtútù tí Ọlọ́run dá irun yìnyín sí lára, kúrò, àti bulldog tí imú rẹ̀ kúrú débi pé kò lè mí hẹlẹhẹlẹ dáadáa láti fi tu ara rẹ̀ lára.

Ọ̀pọ̀ olùtà ni yóò kọ́kọ́ na ìwé ìran sí ènìyàn. Ìwé náà kì í ṣe ohun àbùkù: láti 1885 ni ilẹ̀ Faransé ti ní ìwé ìran ajá tirẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ máa bí ajá tà lọ́la nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bí ajá ni ìwé ìran ń sọ, kò sọ bí ara ajá ṣe le tó. Ẹ wo ajá Jámánì tí Max von Stephanitz, ará Jámánì kan, bẹ̀rẹ̀ sí í tò ìran rẹ̀ ní 1899 nítorí iṣẹ́ tó lè ṣe. Lónìí, ó wà lára àwọn ìran tí ìṣòro ìbàdí ń yọ lẹ́nu, níbi tí orí egungun itan kì í ti jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀. Ìgbà tí ajá bá pé ọdún kan, ó kéré tán, ni wọ́n sábà máa ń ya fọ́tò egungun tí wọ́n fi ń dá ẹjọ́ ìbàdí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ti yẹ ìbàdí ọmọ ajá oṣù méjì wò, pé kò sí ewu, irọ́ ló ń pa. Fọ́tò ti ìyá àti ti bàbá ni kí ẹ béèrè.

Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ ní Kétu kì í gba ọmọ ajá tí kò bá tíì rí ìyá rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó. Ohun tí mo mú lò nìyẹn. Olùtà tó bá sọ fún mi pé ìyá wà ní Kútọnu, tàbí pé láti Èkó ni wọ́n ti kó àwọn ọmọ wá, n kò tún bá a sọ̀rọ̀ owó mọ́. Ìyá kan tó ń sin ajá ní ìhà Wándo ni mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, abo ajá náà dìde, ó gbóòórùn etí ìró mi, ó sì padà lọ dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, orí nìkan ló gbé sókè. Òórùn omi Javel (bleach) ń jáde láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé àrùn parvo tó ń mú kí ọmọ ajá ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lè wà nínú erùpẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi Javel sì wà lára ìwọ̀nba ohun tó ń pa á.

Àwọn ọmọ ọmọ ìyá olùsìn náà ń bá àwọn ajá náà ṣeré. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejìlá ni ọmọ ajá ń mọ ohun tí kò yẹ kó bẹ̀rù, ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ló sì ti ń kọ́ bí a ṣe ń dín agbára eyín kù: bí ó bá bu òmíràn jẹ jù, ìyẹn yóò ké, yóò sì fi eré sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá já gbà lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún pàdánù ẹ̀kọ́ yìí. Ìyá olùsìn náà kò jẹ́ kí n mú tèmi lọ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Òun gan-an ló bi mí ní ìbéèrè jù. “Àǹtí, ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ bí ẹ bá lọ sí ọjà? Ṣé ẹ ní ọgbà, àbí ẹ fẹ́ so ó mọ́ igi ni?” Nígbà tó gbọ́ nípa àwọn ọmọ àti Alhaja, ó kọ̀ láti ta akọ dúdú tí mo ti ń wò fún mi, ó ní ara rẹ̀ gbóná jù, ó sì fa abo kan tó rọra ń tẹ̀lé ènìyàn jáde. Kò sọ pé gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti pé, bí àwọn kan ṣe máa ń sọ. Àkọ́kọ́ nìkan ló wà nínú ìwé abẹ́rẹ́, pẹ̀lú òǹtẹ̀ dókítà ẹran. Ìyókù di ọwọ́ mi títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, àti ti dìgbòlugi tí wọ́n sábà máa ń gún láti ọ̀sẹ̀ 12.

A kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí apá mi kò bá ká a mọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò padà sí. Owó tó pè ju ti àwọn tó ń tà lẹ́bàá ọ̀nà lọ dáadáa. Mo ná an, kò dín kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó fi oògùn aràn oṣù tó ń bọ̀ kún un, mo sì sanwó.