Ológbò náà mà lẹ́ni o

Ọjọ́ Ẹtì, alẹ́. Iná ò tíì dé láti àárọ̀.

Gbólóhùn kan ni mo bá délé láti kẹ́mísìtì kan ní Mọ́kọ́lá, kò sì tíì kúrò létí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. "Ológbò náà mà lẹ́ni o." Màmá kan tí wọ́n dúró lẹ́yìn mi ni wọ́n sọ ọ́, wọn ò pariwo. Ọmọ tó ń tajà ló bi mí pé ta ló fẹ́ lo ínsúlíìnì, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tí mo wá rà, mo ní ológbò mi ni. Ó tún un bi, mo tún un sọ. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ.

Kò sí èébú nínú rẹ̀, ohun tó sì ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn. Ká ní wọ́n bú mi ni, tàbí wọ́n ní kí n lọ wá ọmọ bí kí n yéé tọ́jú ẹran bí àwọn kan ṣe máa ń sọ, ǹ bá ti gbàgbé kí n tó dé Sábó. Ìyẹn ti mọ́ mi lára. Èyí ò jọ ọ́.

Ara Dúdúyẹmí, ológbò mi tí àtọ̀gbẹ ń ṣe, le díẹ̀ lónìí. Ó jẹ ẹja rẹ̀ tán (ẹ̀bà àti ìrẹsì ti di èèwọ̀, ẹja, ẹyin àti ẹ̀dọ̀ adìẹ ló kù). Omi tó ń mu ti dín, yanrìn inú báàfù rẹ̀ kò sì rin gbingbin bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣì ń wọ́lẹ̀, gìgísẹ̀ ló fi ń rìn. Dókítà ní ṣúgà tó pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ ológbò jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ó lè padà bọ̀ sípò bí a bá kápá rẹ̀. Mo di "ó lè" yẹn mú ṣinṣin.

Láti àṣálẹ́ yìí, yúnìtì ínsúlíìnì kan láàárọ̀ àti kan lálẹ́ ti di ọ̀kan àti ààbọ̀. Ẹni tí kò bá rí ààbọ̀ yúnìtì kò lè mọ bó ṣe kéré tó. Nínú irú èyí tí mo ń lò, yúnìtì 100 ló wà nínú mìlílítà kan, ààbọ̀ yúnìtì kan ò tó ẹ̀kán omi. Mo lọ jókòó sẹ́nu fèrèsé kí ilẹ̀ tó ṣú, mo gbé sírínjì sókè, mò ń wá ìlà kékeré tó wà láàárín 1 àti 2. Atẹ́gùn há sẹ́nu abẹ́rẹ́. Mo fi èékánná ta á, mo tún ta á, títí ó fi gòkè jáde. Ohun tó kéré tó yìí ò fàyè gba àṣìṣe. Sírínjì ti oògùn yúnìtì 40 nínú mìlílítà kan wà, ti 100 wà, ẹni tó bá fi ti ọ̀kan fa oògùn èkejì ti da gbogbo ìwọ̀n rú nìyẹn.

Mo ti fẹ́ kí á fi kún un tipẹ́. Dókítà ní, "Ẹ má kánjú mà, ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n ná." Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó yí i, ààbọ̀ sì ni wọ́n ń fi kún un lẹ́ẹ̀kan. Ní Ọjọ́rú, wákàtí méjì-méjì ni mo ń gún etí rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kí a lè mọ ibi tí ṣúgà ti wálẹ̀ jù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 412, kò sì lọ sábẹ́ 268. Nǹkan bí 80 sí 150 ni wọ́n fẹ́ kó wálẹ̀ dé. Bó bá wá wọ abẹ́ 60, ewu dé nìyẹn: á máa gbọ̀n, kò ní lè dìde dúró, gìrì lè gbé e. Oyin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi láti fi pa èrìgì rẹ̀. Ológbò kì í mọ adùn lẹ́nu rárá, síbẹ̀ oyin yẹn ló máa dá ẹ̀mí rẹ̀ dúró kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Wọ́n ní ó lẹ́ni. Ó lẹ́ni. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Mo rí ohun tí màmá yẹn gbé sórí káńtà. Ínsúlíìnì kan, páálí strip kan tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà. Ọmọ náà pe iye rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá fi ìka kan ti páálí strip padà, wọ́n ní, "Jẹ́ kí n mú abẹ́rẹ́ yẹn lọ ná." Ta ni wọ́n fẹ́ lọ gún? Àbí ara wọn ni? Kéèyàn máa gún ínsúlíìnì láìwọn ṣúgà, bí ẹni ń wakọ̀ lóru láìtan iná ni. Strip wà nínú àpò tèmi. Ti ológbò.

Inú ń bí mi. Mo kọ́kọ́ rò pé màmá yẹn ni mò ń bínú sí. Rárá. Owó tí wọ́n ń pe oògùn yìí báyìí ni, ẹni tí kò lè ṣe kó má lò ó ni wọ́n ń pè é fún. Bí mo bá sì gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Dúdúyẹmí, kò ní kí strip màmá yẹn dínwó. Àtọ̀sán ni mo ti ń sọ èyí fún ara mi, ó sì tọ̀nà, ṣùgbọ́n…

Igun ilẹ̀kùn fíríìjì tí Bàámi ń gbé ínsúlíìnì tiwọn sí náà ni mo ń gbé ti Dúdúyẹmí sí. Lónìí tí kò síná, inú kúlà ló wà, mo fi tówẹ̀lì wé e kí ó má kan omi ọ̀rá tó ti dì, torí bí ínsúlíìnì bá dì pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́. Ooru tó ju 30°C lọ náà ò sì dáa fún un, ooru Ìbàdàn kò sì mọ 30. Bàámi ló kọ́ mi ní tówẹ̀lì yẹn.

Màámi pè. Àwọn tó máa ń sọ pé ẹran ò ní wọ yàrá àwọn láéláé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni, "Ṣúgà rẹ̀ ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ ohun tí màmá yẹn sọ. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ.

"Bàbá ẹ náà lẹ́ni," ni wọ́n sọ.

Mi ò rí èsì fọ̀. Bóyá ohun tí màmá yẹn ń sọ nìyẹn, pé àwọn náà ni ẹni ẹnìkan. Bóyá wọ́n kàn ń yìn mí. Bóyá ó kàn rẹ̀ wọ́n. N óò béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ń tajà yẹn lọ́jọ́ Ajé, bóyá ó mọ̀ wọ́n. Mo lè san owó páálí kan kalẹ̀ de ìgbà tí wọ́n bá tún yà síbẹ̀.

Àwọn ológbò kan máa ń kúrò lórí ínsúlíìnì pátápátá bí a bá tètè kápá rẹ̀. Mi ò fẹ́ máa ronú jìnnà débẹ̀ lálẹ́ yìí. Mo gún un láago méje bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbórí sókè. Aago mọ́kànlá, mo wọ̀n ọ́n: 231. Ó ń wálẹ̀. Mo ti fi aláàmù sí aago kan òru. Láàárọ̀, bó bá wà lábẹ́ 200, dókítà ni màá kọ́kọ́ pè kí n tó fa oògùn.