Lójú Ẹṣin Eré-Ìje, Fífa Ìjánu Túmọ̀ sí "Sáré"

Bí a bá ní kí èèyàn kó ara rẹ̀ ní ìjánu, ohun tí à ń sọ ni pé kó rọra. Ẹṣin tó ti ibùdó eré-ìje bíi Newmarket ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, tí ẹ wá gbà láti kọ́ ní dressage, ìyẹn ìdíje tí ẹṣin ti ń rìn, tó sì ń yí níwájú adájọ́ bí ẹni tó gùn ún ṣe darí rẹ̀, kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ìgbà tó bá ti tó nǹkan bí ọmọ oṣù 18 ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní eré, ọ̀pọ̀ ló sì ti ń sáré lórí pápá ní ọmọ ọdún 2. Jọ́kì, ìyẹn ẹni tó ń gùn ún sá eré-ìje, á dìde lórí lékáfà kúkúrú (irin tí a ń ti ẹsẹ̀ bọ̀), á kó okùn ìjánu méjèèjì pọ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn ẹṣin. Ẹṣin náà á fi ẹnu ti irin ìjánu, á sì gbéra. Bí okùn ṣe ń le ni eré ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á bá fa okùn kíkankíkan pé kó dúró, ṣe ló máa fò lọ. Kì í ṣe agídí. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Kí a tó máa sọ̀rọ̀ dressage, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹranko yẹ ara ẹṣin náà wò. Inú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ọgbẹ́ inú wọ́pọ̀ gan-an láàárín ẹṣin eré-ìje. Ikùn ẹṣin kì í sinmi ásíìdì títú jáde, yálà ó jẹun tàbí kò jẹun; itọ́ tó ń dà nígbà tó bá ń rún koríko ló ń rọ̀ ọ́ lójú. Ọkà púpọ̀, koríko díẹ̀, àti eré àsápajúdé lórí ikùn òfìfo, àwọn ló ń dá egbò náà sílẹ̀. Bí ẹ bá ń di okùn abẹ́ ikùn gàárì tó pa etí rẹ́ sẹ́yìn, tó fẹ́ gé yín jẹ, tí kò sanra láìka gbogbo oúnjẹ tó ń jẹ sí, ẹ má tètè pè é ní ìwà burúkú. Dókítà á fi kámẹ́rà gba imú wọ inú ikùn rẹ̀. Oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ ni omeprazole: miligíráàmù 4 fún kìlógíráàmù kan ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún nǹkan bí ọjọ́ 28. Ẹṣin tó wọn kìlógíráàmù 500 á máa lo miligíráàmù 2,000 lójúmọ́.

Oògùn kò lè dá ṣe é bí oúnjẹ ò bá yí padà. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ nílò nǹkan bí kìlógíráàmù 10 koríko gbígbẹ lójúmọ́, kó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ máa dín ọkà rẹ̀ kù láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ má gé e lójijì. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ fún un ní ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ koríko alfalfa tí a gé wẹ́wẹ́, kí ásíìdì má baà máa ta sókè nínú ikùn tó ṣófo.

Pátákò rẹ̀ sábà máa ń pẹlẹbẹ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á fẹ́lẹ́, iwájú á gùn, gìgísẹ̀ á sì kéré. Alágbẹ̀dẹ bàtà ẹṣin ní láti máa wá ní ọ̀sẹ̀ 5 sí 6 síra, ó sì lè tó ọdún kan kí pátákò tuntun tó hù dé ilẹ̀. Láràárọ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn ojúgun iwájú méjèèjì láti orúnkún wá sísàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ, tàbí iṣan ibẹ̀ wú, kò sí gígùn lọ́jọ́ náà. Ní ti gàárì, ẹ má náwó rẹpẹtẹ lé e lóṣù kìn-ín-ní. Gàárì jọ́kì lè má tó kìlógíráàmù 1. Bí ẹran bá ṣe ń hù lẹ́yìn ẹṣin yìí ni ìrísí rẹ̀ á máa yí padà, ẹ ó sì ní láti wọn gàárì lákọ̀tun ní oṣù 2 tàbí 3.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìdúró. Ẹṣin ń rìn lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń gbé jọ́kì sọ gàárì, nítorí náà kò mọ̀ pé èèyàn lè gun àpótí láti gorí òun, kí òun sì dúró jẹ́ẹ́. Ẹ mú un lọ síbi àpótí, ẹ gun àpótí náà, ẹ fọwọ́ pa á lára, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ó parí. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ wọ lékáfà, ẹ tún yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àyà lé gàárì kó gbọ́ ìwọ̀n yín. Bó bá gbéra, ẹ má fa ẹnu rẹ̀. Ẹ mú un yípo kan, kó padà síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀. Kí ẹ lo ọjọ́ 4 láìtíì jókòó kì í ṣe àkókò ṣòfò. Bí ẹ bá wá jókòó, ẹ jókòó bí ìyẹ́. Ẹsẹ̀ tó so kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ohun tuntun sí i. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ há a mọ́ra nítorí ẹ̀rù ti sọ fún un pé kó sáré.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìrìn lásán ni, ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ wá àgbà ẹṣin kan tó farabalẹ̀ tí yóò máa ṣíwájú. Òwe pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn: bí ti iwájú bá rọra, tẹ̀yìn á rọra. Lẹ́yìn náà ni trot, ìyẹn eré tó yá ju ìrìn lọ díẹ̀, lórí òbìrípo tó fẹ̀ tó mítà 20. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọra, ẹ mí síta, ẹ gbé ara ga, ẹ mú ikùn le, ẹ di okùn mú fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ sì tú u. Títú yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Bí okùn bá le tí kò dẹ̀, ẹ ti padà sí pápá eré-ìje nìyẹn.

Canter, ìyẹn eré tó yá ju trot lọ, ló kẹ́yìn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ọ̀nà gígùn tó tọ́, torí ibẹ̀ ló ti ń rántí eré. Orí òbìrípo ni kí ẹ ti béèrè rẹ̀, ìgbésẹ̀ 6 sí 8, kí ẹ sì padà sí trot kó tó gbóná. Ẹ wo bó ṣe ń yí sọ́tùn-ún àti sósì dáadáa: ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n ń yí sí lórí pápá, ní Bìrìtìkó, ó wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì.

Níbi tó ti máa ń bàjẹ́ jù ni ìkánjú. Ẹni tí ẹṣin ń fà á wá irin ìjánu tó le jù, tàbí okùn tó ń fipá tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀. Orí á tẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ á rì sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò ní wọlé sábẹ́ ara, adájọ́ á sì rí i. Àjọ Retraining of Racehorses ti wà ní Bìrìtìkó láti ọdún 2000 fún irú ẹṣin wọ̀nyí, ìpele ìbẹ̀rẹ̀ dressage níbẹ̀ sì jẹ́ ìrìn àti trot nìkan. Kò sẹ́ni tó ń lé yín dé canter.

Nínú ìdánwò ìpele ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, apá kan wà tí ẹ ó ti jẹ́ kí okùn gùn kí ẹṣin lè na ọrùn sísàlẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ọ̀pọ̀ ẹṣin eré-ìje máa ń ṣe èyí dáadáa, torí ìrìn wọn gùn. Ìgbà tí ẹ bá ń kó okùn padà ni kí ẹ ṣọ́ra: ẹ kó o ní ìwọ̀n ìka méjì-méjì, kí ẹ máa mí síta bí ẹ ṣe ń kó o.