Ojú Wọn Wà Níbẹ̀: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Níbi Tí A Ti Ń Yẹ Ìgò Wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra láti di alábòójútó òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀, nítorí pé ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di súpáfáísọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tí a ti ń rọ ohun mímu sínú ìgò, ìgò kan tí ègé ọ̀rá wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá lójú bàbá kan tí wọ́n jókòó síwájú gíláàsì funfun tí iná ń tàn lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí àwọn òfìfo ìgò ti ń tò kọjá. Aago 3 òru ni. Mo kọ̀wé fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni bàbá fi dá mi lóhùn: "Ọ̀gá, ojú mi wà níbẹ̀, n kò kàn rí i ni." Ẹni tí ó yẹ kí ó gba ipò wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 kò wá, wọ́n sì ti lo wákàtí 2 lórí ìjókòó yẹn. N kò bèèrè.

Ẹnu ẹ̀kọ́ ni mo padà sí kí n tó gbọ́ nípa Norman Mackworth, tí ó ṣèwádìí nítorí àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń fi rédà ṣọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi ọ̀tá. Ó gbé aago kan síwájú àwọn ènìyàn, tí ọwọ́ rẹ̀ ń fò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń fò ní ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìfò ńlá yẹn ni kí wọ́n mú. Àbájáde tí ó gbé jáde ní 1948 fi hàn pé láàárín ìdajì wákàtí, púpọ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Raja Parasuraman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ní Amẹ́ríkà, so ìmọ̀ ọpọlọ pọ̀ mọ́ ìmọ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń bá ènìyàn mu, tí wọ́n pè é ní neuroergonomics. Nígbà tí a fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára ṣàn lọ sínú ọpọlọ ẹni tí ń ṣọ́ nǹkan, a rí i pé bí ìfọkànsí ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ìyára náà ń dín kù. Ṣùgbọ́n ti ẹni tí ó kàn jókòó tí ó ń wo ojú ẹ̀rọ kan náà, láìní ohun kankan tí yóò mú, kì í sábà dín kù bẹ́ẹ̀. Ìṣọ́ yẹn gan-an ni ó ń mu ọpọlọ. Bàbá kò sùn. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ má ṣe sáré lọ ra fìlà tí a fi ń ka iná mànàmáná kékeré inú ọpọlọ láti fi mọ ìgbà tí ìfọkànsí òṣìṣẹ́ ń lọ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kan awọ orí, irun dídì sì ń dí i lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì lò ó, ẹ má fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí ó lè lé òṣìṣẹ́ kúrò. Wákàtí ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè: ìgbà wo lẹni yìí ti jókòó, ta ni yóò gbà á, ìgbà wo? Bí ẹni náà kò bá dé, ẹ dá ẹ̀rọ dúró títí ẹ ó fi rí ẹlòmíràn.