Pupa àti aró nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú

Àwòrán tí mo ń kùn lọ́wọ́ nílé mi ní Ọ̀yọ́ kò ní ènìyàn, kò sì ní igi tàbí ilé nínú. Àwọ̀ nìkan ni ó wà níbẹ̀, pupa àlàárì àti aró ẹtù, tí mo tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí àlejò bá béèrè ohun tí mo yà, mo máa ń ní kí ó jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí oòrùn bá wà lókè, pupa ni ó ń gba ojú. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, pupa yóò kọ́kọ́ ṣókùnkùn, aró yóò sì dà bí ẹni pé ó mọ́lẹ̀ jù ú lọ. Ọ̀dà kò yí padà. Ojú wa ni ó yí padà, nítorí pé ohun tí ẹyinjú fi ń ríran nínú òkùnkùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ pupa rárá.

Josef Albers, ọmọ Jámánì tí ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1933, ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ayàwòrán irú èyí. Láti ọdún 1950 títí ó fi kú ní ọdún 1976, ó ń ya onígun mẹ́rin sínú onígun mẹ́rin, kí a lè rí i pé àwọ̀ kan ṣoṣo a máa dà bí méjì bí èyí tí ó yí i ká bá yàtọ̀. Àwọn ahunṣọ òfì wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ (wọn kò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni): òwú funfun láàárín ẹtù a máa mọ́ ju ti inú sányán lọ. N kì í tan iná mànàmáná bí mo bá ń kùn, nítorí gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n a máa gbé pupa ga ju bí ó ti yẹ lọ.